Ìwọ tó fẹ́ máa hun súwẹ́tà tà ní Shetland, gbọ́ èyí ná

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ọkọ rẹ ti ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ní Lerwick, olú ìlú Shetland, àwọn erékùṣù tó wà lókè Scotland lọ́hùn-ún, ẹ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní London, o sì rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n ń ta súwẹ́tà Fair Isle kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi hun àwòrán sí. O wá bi wá pé, bí o bá kọ́ híhun rẹ̀, ṣé o lè máa fi í gbọ́ bùkátà dípò iṣẹ́ oṣù? Àwọn kan ti sọ pé kí o sáà lọ, Ọlọ́run á ṣe é. Àmín o. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi ti rí, torí mo ti pẹ́ níbí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe láti ilé dé ilé, ọwọ́ àwọn ìyá tí mò ń tọ́jú ni mo sì ti kọ́ híhun.

Kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má fojú owó oúnjẹ wò ó.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Súwẹ́tà tí àwòrán kún látòkè délẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ hun, lè gba 100 wákàtí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n hun, ká má tíì sọ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ká ní o rí ẹni tó san £300 fún un, £3 ni wákàtí kan já sí, a ò sì tíì yọ owó òwú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó tó kéré jù tí òfin ilẹ̀ yìí ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọdún 21 di £12.21 fún wákàtí kan. Ẹni tó ń nu tábìlì nílé oúnjẹ ní Lerwick ń gba ìlọ́po mẹ́rin owó rẹ. Èyí tí o rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, iye tí wọ́n pè é lo rí, o ò rí ẹni tó rà á. Ṣọ́ọ̀bù tó bá bá ọ gbé e síta á mú tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé nígbà tó yọ tirẹ̀ tán, owó tó kù fún mi nínú fìlà kan kò tó ra òwú òmíràn. Ní ìgbà ooru, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá á já àwọn arìnrìn-àjò sílẹ̀ ní èbúté, wọ́n á pọ̀ lójú títì bí èèrà, wọ́n á fọwọ́ pa iṣẹ́ rẹ lára, wọ́n á yìn ọ́ títí, wọ́n á sì lọ ra mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì.

Má rò pé ayé òde òní ló ba ọjà náà jẹ́. Láyé àwọn ìyá-ìyá àwọn ará ibí, oníṣòwò kì í fún ahunṣọ lówó. Tíì, ṣúgà, aṣọ ọjà, ìyẹn ló máa fi dípò, òun náà ló sì máa dá iye lé e. Ọ̀rọ̀ náà le débi tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí rẹ̀, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1872. Àwọn obìnrin wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ náà fúnra wọn. Nígbà tí epo rọ̀bì wá dé ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n kọ́ ibùdó epo sí Sullom Voe, tí iṣẹ́ olówó oṣù wá pọ̀ nílùú, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé abẹ́rẹ́ jù sílẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ o. Wọ́n mọ ìṣirò ni.

Tóò, kí ló dé tí mo fi ní kí o kọ́ ọ? Òtútù ni ìkíní. Ìkejì ni àwọn èèyàn. Ìkẹta ni pé oṣù Belu máa dé bá ọ nínú ilé, o ò sì ní mọ ohun tí wàá fi ọwọ́ rẹ ṣe.

Shetland lé ní ọgọ́rùn-ún erékùṣù, àwọn tí èèyàn ń gbé nínú wọn kò ju bí 16 lọ. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ tó bíi 23,000, àdúgbò kan ní Ìbàdàn lè gbé wọn mì. Fair Isle tí orúkọ súwẹ́tà náà ti wá tilẹ̀ tún dá wà lọ́tọ̀, ó wà láàárín agbami, ní agbede-méjì Shetland àti Orkney. Gígùn rẹ̀ tó bíi máìlì mẹ́ta, iye èèyàn ibẹ̀ kò sì kún ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo ọ̀rọ̀ iná nílé, ọdún 2018 ni iná tó ń wà tọ̀sántòru ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Fair Isle. Kó tó dìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa wọ́n á pa á, àfi bí afẹ́fẹ́ tó ń yí ẹ̀rọ wọn bá ń fẹ́. Inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa ń sá wá nìyẹn.

Ó dáa, híhun fúnra rẹ̀. Àwọ̀ méjì péré ló ń wà nínú ìlà kan. Bí o bá wo súwẹ́tà Fair Isle, o lè ka àwọ̀ mẹ́wàá, àmọ́ méjì méjì ni wọ́n ń wọlé. Èyí tí kò bá sí lójú iṣẹ́ á máa gba ẹ̀yìn kọjá, ìdí nìyẹn tí aṣọ náà fi nípọn tó sì ń mú ooru dúró. Bí o bá fa òwú ẹ̀yìn yẹn le jù, aṣọ á súnkì. Bí o bá dẹ̀ ẹ́ jù, gbogbo ìgbà tí ọmọ rẹ bá ń wọ̀ ọ́ ni ìka rẹ̀ á máa kọ́ ọ. Ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn. Àwòrán kì í ṣòro, kíkà ni.

Àwọn ìyá ibí kì í fi abẹ́rẹ́ há abíyá. Wọ́n ní bẹ́líìtì awọ kan tí wọ́n ń pè ní makkin belt. Ìbàdí ni wọ́n ń dè é mọ́, ó ní ìrọ̀rí kékeré kan tí wọ́n ki irun ẹṣin sí, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ojú rẹ̀. Wọ́n á ti ìdí abẹ́rẹ́ ọ̀tún bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, abẹ́rẹ́ á dúró gbọn-in, ọwọ́ ọ̀tún á wá ráyè máa ta òwú nìkan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè máa rìn kó máa hun. Láyé àtijọ́, obìnrin á pọn apẹ̀rẹ̀ koríko sẹ́yìn, á kún fún ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń gé gbẹ láti fi dáná, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì níwájú á sì máa hun ìbọ̀sẹ̀ lọ. Mo ti rí fọ́tò rẹ̀ nílé àwọn ìyá wọ̀nyí, lára ògiri. Ra bẹ́líìtì náà bí o bá ti dé, ọrùn ọwọ́ rẹ á dúpẹ́.

Nǹkan tó bà mí lẹ́rù jù ni gígé. Wọ́n máa ń hun ara súwẹ́tà yípo yípo láti ìsàlẹ̀ dé èjìká, wọn kì í dá ihò apá sí i. Bí wọ́n bá hun ún tán, wọ́n á mú àlùmọ́gàjí, wọ́n á la iṣẹ́ náà gbọọrọ níbi tí apá máa wà. Ìyá tó kọ́ mi gbé àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gé e. Mo ní, "Mama, ṣé ẹ rí gbogbo òru tí mo fi hun nǹkan yìí?" Ó ní kí n gé e jàre, kí tíì má baà tutù. Mo gé e. Kò tú! Irun àgùntàn Shetland ní wúrúwúrú kéékèèké tó ń di ara wọn mú, ojú tí o gé á kàn wò ọ́ ni. Dán ìyẹn wò pẹ̀lú òwú onírọ́bà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú, gbogbo rẹ̀ á tú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà lo máa fọ̀ ọ́, wàá sì na án sórí férémù pákó kan tí èjìká àti apá rẹ̀ ṣeé fà síwá sẹ́yìn, títí á fi gbẹ. Ojú iṣẹ́ tó ti rí wújẹwùjẹ á tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Ní ti òwú, ṣọ́ọ̀bù Jamieson & Smith wà ní Lerwick, àwọn ló ń ra irun lọ́wọ́ àwọn olóko àgùntàn erékùṣù yìí. Jamieson's of Shetland sì ní ilé iṣẹ́ òwú tiwọn ní Sandness, lápá ìwọ̀-oòrùn. Má yára sáré sí àwọn òwú aláró. Àgùntàn ibí ní àwọ̀ ara wọn, moorit ni wọ́n ń pe èyí tó pọ́n bí obì, shaela ni wọ́n ń pe èyí tó jẹ́ eérú, dúdú wà, funfun wà. Ìborùn tí mo fi àwọn àwọ̀ wọ̀nyí nìkan hun ni ọwọ́ àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń lọ bá nínú gbogbo ẹrù mi. Ti ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àwọn ará erékùṣù Unst, tó ń gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá, fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín ní báyìí ná.

Bí o bá ṣì fẹ́ tà síbẹ̀, fìlà, ìbọ̀wọ́ àti ìborùn ni kí o tà. Wọn kì í pẹ́ lọ́wọ́, àlejò sì lè ki wọ́n bọ àpò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rí èrè díẹ̀ lórí súwẹ́tà, ẹ̀rọ ìhunṣọ onílé ni wọ́n fi ń hun ara àti apá, wọ́n á wá fọwọ́ hun àwòrán yípo ọrùn nìkan. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀ bí o bá sọ fún olùrà. Àwọn àlejò tó fẹ́ràn híhun sì máa ń pọ̀ jù ní Shetland Wool Week, ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ irun àgùntàn, ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, tí wọ́n ti ń ṣe láti 2010. Àwọn tó ń wá sí ìyẹn mọ iṣẹ́, wọ́n sì mọ ohun tó yẹ kí wọ́n san.

Ní ti ìgbé ayé, afẹ́fẹ́ ni kí o kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún. Igi kò pọ̀ níbí, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Bí o bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn mọ́tò, fọwọ́ méjèèjì dì í mú, torí ó lè já a kúrò lára mọ́tò. Agbòjò, fi tìẹ sílẹ̀ fún ẹni tó máa gba ilé yín ní London. Gèlè, inú ilé ni.

Ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀ láti Aberdeen lóru, bíi wákàtí 12 ni bí kò bá yà ní Orkney. Bí ìjì bá dá a dúró lọ́jọ́ méjì, búrẹ́dì àti mílíìkì á tán lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, firísà ńlá ṣe pàtàkì ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Lọ ata rodo àti tàtàṣé, dì wọ́n sínú rọ́bà, kí o kó wọn wá. Ẹ̀lùbọ́ àti gaàrí, ẹ kó àpò odindi, torí àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ máa ń bu owó kún un bí wọ́n bá ti rí orúkọ Shetland lára àdírẹ́sì, àwọn míràn kò tilẹ̀ ní gbé e. Ẹran àgùntàn oníyọ̀ kan wà níbí tí wọ́n ń gbé kọ́ kó gbẹ, reestit mutton. Ọbẹ̀ ọ̀dùnkún ni wọ́n ń fi í sè. Rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí o wá jù ú sínú ẹ̀gúsí, kí o sì má fi iyọ̀ kan sí i. Ọkọ rẹ á bi ọ́ pé ta ló bọ̀ láti ilé.

Ní oṣù kẹfà, oòrùn á wà lójú ọ̀run fún bíi wákàtí 19, ẹ ra kọ́tìnì tó dúdú kirikiri kí àwọn ọmọ lè sùn. Ní oṣù Ọ̀pẹ, kò tó wákàtí mẹ́fà. Àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ má fi fítámì D ṣeré rárá, ẹ bi dókítà.

Àwọn èèyàn ibí, ara wọn kì í tètè yọ̀ mọ́ àlejò, àmọ́ wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. O máa jí lọ́jọ́ kan bá ẹja lẹ́nu ilẹ̀kùn, o ò ní mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Wádìí rẹ̀, kí o sì gbé nǹkan padà lọ, mo-ín-mo-ín tèmi ti lókìkí ní òpópónà wa. Wọ́n fẹ́ràn ìtàn ilẹ̀ wọn gan-an. Bí o bá fẹ́ kí ìyá kan rẹ́rìn-ín, sọ fún un pé o gbọ́ pé ní 1469, ọba Denmark tó tún jọba lé Norway fi Shetland dógò fún ọba Scotland, torí kò rí owó ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin san tán, títí dòní wọn kò rí i gbà padà. Baba ìyàwó ló ń sanwó o! Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ọkọ ló ń san án nílé wa, ariwo sọ nínú yàrá.

Ìwọ náà á bá wọn rí Up Helly Aa, ọdún iná wọn, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní. Ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn èèyàn fi ń kan ọkọ̀ onígi kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á kùn ún, wọ́n á gbẹ́ orí dírágónì sí i níwájú, lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n á ju ògùṣọ̀ lù ú, á jóná di eérú. Ọjọ́ kejì, ìsinmi.

O béèrè bóyá àwọn ọmọ rẹ máa kọ́ híhun nílé ẹ̀kọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò láti 2010, àmọ́ àwọn ará ìlú ń fi ọ̀fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ ẹgbẹ́ Shetland Peerie Makkers. Orúkọ ọmọ rẹ ni kí o kọ́kọ́ lọ kọ sílẹ̀, kí ìwọ náà jókòó sí ẹ̀yìn.

Abẹ́rẹ́, má rà á ní London. Àwọn gígùn tó ní ẹnu ṣóńṣó lápá méjèèjì, tó bá bẹ́líìtì yẹn mu, ibí ló ti máa rọrùn fún ọ láti rí wọn. Súwẹ́tà tó o máa wọ̀ nínú ọkọ̀ nìkan ni kí o rà síbẹ̀, kí ó nípọn dáadáa, bí ó bá sì jẹ́ oṣù kọkànlá lẹ ń bọ̀, ẹ lo oògùn èébì kí ọkọ̀ tó kúrò ní Aberdeen.