Asẹ́ ló ń jẹ bátìrì yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan ní Àjàṣẹ́ ń fi rédíò ránṣẹ́ lórí bí omi ọ̀sà ṣe ga tó, ní QPSK (ọ̀nà ìránṣẹ́ tí àmì kọ̀ọ̀kan ti ń gbé bíìtì méjì). Ẹ̀rọ tó ń gbà á ń wọn ìgbì náà ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ìyẹn ìwọ̀n 8, fún àmì kọ̀ọ̀kan; ìlọ́po 64, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń fi sọ ìwọ̀n di púpọ̀, ló sì wà nínú asẹ́ rẹ̀ tó ń sẹ́ ariwo kúrò lára ìgbì. Wíwá àkókò tí àmì bọ́ sí ń tán bátìrì wa. Ọ̀nà Gardner ni a fi ń wá àkókò náà. Ṣé kí a fi í sílẹ̀, kí a mú ọ̀nà mìíràn, ti Mueller àti Müller?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fi í sílẹ̀, nítorí òun kọ́ ló ń jẹ bátìrì yín. Ọ̀nà tí Gardner gbé jáde ní 1986 kò ṣe ju pé kó mú ìwọ̀n tó wà láàárín àmì méjì, kó sì fi ìyàtọ̀ àwọn àmì méjèèjì sọ ọ́ di púpọ̀, kó lè mọ àṣìṣe àkókò; ní QPSK, ìsọdipúpọ̀ 2 péré nìyẹn fún àmì kan. Asẹ́ ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá ń ṣírò rẹ̀ níbi gbogbo ìwọ̀n 8, 512 ni fún àmì kan lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ka méjì tí QPSK ní, bẹ́ẹ̀ ibi 2 péré ni Gardner ti nílò èsì. Ìyókù, ẹ ń ṣírò rẹ̀ tán ni ẹ ń dà á nù, bí ẹni tó fi asẹ́ sẹ́ gbogbo omi kànga nítorí ife kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní ibi méjì yẹn nìkan, 512 yóò di 128.

Bí asẹ́ tó wà níwájú ẹ̀rọ tó ń mú ìwọ̀n bá dára tó láti jẹ́ kí ẹ dín ìwọ̀n kù sí 2 fún àmì kan, ẹ lè tọ́jú asẹ́ kéékèèké 32 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po 16, tí ọ̀kan fi ìdá kan nínú 32 àlàfo ìwọ̀n yàtọ̀ sí èkejì. Èyí tó súnmọ́ àkókò tí ẹ ń wá jù lọ ni ẹ ó lò, nítorí náà sísẹ́ ìgbì àti wíwá ohun tó wà láàárín ìwọ̀n méjì di iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìsọdipúpọ̀ sì di 32. Àyè ìrántí ni ẹ ó fi san án, èmi ò sì rò pé ó wọ́n.

Ọ̀nà Mueller àti Müller, ti 1976, ń lo ìwọ̀n 1 péré fún àmì, ṣùgbọ́n ó gbára lé àmì tí ẹ̀rọ ti pinnu. Bí ìgbì agbérò, ìyẹn ìgbì rédíò tó gbé àmì, kò bá tíì tọ́, ìpinnu yóò ṣì, àkókò náà yóò sì ṣìnà. Gardner kò ní wàhálà yẹn.

Ó ku iye ìgbà tí ẹ ń tún àkókò ṣe. Bí aago ẹ̀rọ méjèèjì bá fi 40 nínú mílíọ̀nù yàtọ̀ síra, ó di àmì 25,000 kí wọ́n tó fi odindi àmì kan ṣáko. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá àkókò mu, ẹ lè kó àṣìṣe àmì 16 jọ kí ẹ tó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ìlọ́po tó jẹ́ ìdá kan nínú 2, 4, 8 tàbí 16 sínú òǹyípo, ìyẹn ìṣirò tó ń fi àṣìṣe tún àkókò ṣe léraléra, kí sísún bíìtì sí ẹ̀gbẹ́ rọ́pò ìsọdipúpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ tún ìlọ́po náà yàn nígbà tí ẹ bá kúrò ní títún un ṣe ní àmì kọ̀ọ̀kan, nítorí àpapọ̀ àṣìṣe 16 tóbi ju ti ẹyọ kan lọ, ó sì lè mú kí òǹyípo náà máa fì.