Bọ́ílà bàbà mi ń jò: ṣé kí n fi gọ́ọ̀mù dí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, mo kàn fẹ́ máa fi ṣeré nílé ni. Fún bọ́ílà rẹ̀, ìyẹn ìkòkò tí omi ti ń hó, mo gé páìpù bàbà tó fẹ̀ ní íńṣì 3, mo gé bàbà pẹlẹbẹ róbótó méjì, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì àwọn oníredíò lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹnu rẹ̀ lápá méjèèjì. Nígbà tí mo dáná sí i, ó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń po méjì pọ̀ yẹn dí i. Ṣé yóò dúró? 40 psi (òṣùwọ̀n bí ooru ṣe ń ti ara bọ́ílà tó) ni mo fẹ́ kó gbà.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má fi dí i. Má sì dáná sí i mọ́. Jíjò tó jò yẹn, àánú ló ṣe ọ́.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ìdérí tó fẹ̀ ní íńṣì 3, bí o bá pín ojú rẹ̀ sí íńṣì kan níbùú, íńṣì kan lóròó, yóò lé díẹ̀ ní méje. Ní 40 psi, pọ́n-ùn 40 ló ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 130, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì méjì àbọ̀ lórí ìdérí kan ṣoṣo, láti inú wá. Lẹ́ẹ̀dì tín-ín-rín yẹn nìkan ló sì dì í mú.

O lè ní táyà mọ́tò náà ń gba 30 psi àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù ló wà nínú táyà. Ní 40 psi, omi inú bọ́ílà á gbóná dé nǹkan bíi 141°C kó tó hó. Bí ara bọ́ílà bá ya lójijì, nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún omi yẹn á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó bá sì di ooru á fẹ́ gba àyè tó ju ìlọ́po 1,000 èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀dì oníredíò ń yọ́ ní bíi 183°C, ó sì ti ń rọ̀ tipẹ́ kó tó débẹ̀. Ní ti gọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rọ̀ kí omi tó hó rárá.

Ohun tí wọ́n fi ń so ó ni ọ̀pá fàdákà, èyí tí fàdákà inú rẹ̀ tó ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń yọ́ láàárín 630 sí 660°C. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní dùn mọ́ ọ: ibi tí lẹ́ẹ̀dì bá ti kan, ọ̀pá fàdákà kì í mú níbẹ̀ mọ́, lẹ́ẹ̀dì tó kù á máa jẹ bàbà náà nínú iná. Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bàbà tuntun.

Ìdérí tuntun náà kò gbọdọ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ lásán. Gbẹ́ igi líle kan róbótó, gbé bàbà lé e, kí o máa fi òòlù lu etí rẹ̀ sísàlẹ̀ títí yóò fi ní etí bíi ti ọmọrí ìkòkò, kó wọ inú páìpù ṣinṣin. Bàbà tí a ń lù máa ń le. Bí o bá ti gbọ́ tí ìró òòlù yí padà, dúró, fi iná sun ún títí yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tẹ̀ ẹ́ bọ omi, á tún rọ̀. Ti ọ̀pá bàbà kan láàárín, láti ìdérí kan dé èkejì, kí o so ó mọ́ méjèèjì, kí wọ́n má baà wú síta. Ibi tí o máa de fáàfù àti géèjì mọ́, bróǹsì (bàbà àti tíìnì tí a yọ́ pọ̀) ni kó jẹ́. Idẹ ni mo lò nínú èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tó yá, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo fi èékánná há a, ó ń rún. Omi gbígbóná ti fa síǹkì inú rẹ̀ jáde.

Ká wá dé ìdí iná. Fọ bàbà títí yóò fi máa dán. Ásíìdì tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ń tà ní lẹ́búlẹ́bú, tó fún un. Fi páúdà tó bá ọ̀pá rẹ wá, èyí tó ń jẹ́ kí fàdákà lè ṣàn, pa gbogbo ojú ìsopọ̀. Bàbà máa ń pín iná kiri, nítorí náà gbogbo bọ́ílà ni kí o mú gbóná, kì í ṣe ojú kan. Fi bíríkì yí i ká. Má fi iná yọ́ ọ̀pá náà o, bàbà ni kó yọ́ ọ. Bí ìgbóná bá tó, wàá rí i tí fàdákà á sáré bí omi, tí á wọ inú àlàfo, tí òrùka funfun dídán kan á sì yọ lápá kejì. Òrùka yẹn ni mo máa ń wá. Ibi tó bá ti já, kò tíì mú níbẹ̀. Máa fi ihò kan sílẹ̀ láìdí ní gbogbo ìgbà tí o bá wà nídìí iná. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú bàbà gbígbóná lè bú gbàù.

Lẹ́yìn náà, omi tútù ni o máa fi dán an wò. Rọ omi kún un bámúbámú, kí afẹ́fẹ́ kankan má ṣẹ́ kù, fi pọ́ńpù ọwọ́ tì í dé 80 psi, ìlọ́po méjì ohun tí o fẹ́ kó gbà, kí o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ya nígbà yẹn, ilẹ̀ lásán ni wàá nù. Bí géèjì bá sọ̀ kalẹ̀, tàbí tí ìdérí bá wú, padà sídìí iná.

Fáàfù tó ń tú ooru sílẹ̀ ló kẹ́yìn. Dáná dáadáa, dí ẹnu ọ̀nà tí ooru ń gbà lọ sí ẹ́ńjìnnì, kí o takété, kí o máa wo géèjì. Kò gbọdọ̀ kọjá 44 psi bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Bí ó bá kọjá, pa iná, fáàfù yẹn kéré jù, ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Lẹ́ẹ̀dì tó kù lọ́wọ́ rẹ, fi tún redíò ṣe.