Tíì abẹ́ ìbòji nínú ooru: atẹ́gùn ló ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe òkùnkùn

Ẹ ní ẹ fi àwọ̀n bo igi tíì yín nínú ooru kí ewé rẹ̀ lè dùn, àmọ́ ewé ń jó, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ fi àwọ̀n kejì kún un kí òkùnkùn lè pọ̀ sí i. Ẹ má fi àwọ̀n kejì lé e o. Gbogbo ohun tí ẹ ṣàlàyé yẹn, àwọ̀n dúdú tí ẹ tẹ́ lé orí igi tíì gan-an, etí ewé tó ti ń jó ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀mùnú tó dorí kodò, kò fi hàn pé òkùnkùn kò tó. Ooru ló ń sè wọ́n níbẹ̀. Bí ẹ bá fi àwọ̀n kún àwọ̀n, ìkòkò lẹ kàn dé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó jó. Bó bá jẹ́ ibi tí àwọ̀n ti fara kan ewé nìkan, àwọ̀n náà ló bó o: okùn dúdú máa ń mu oòrùn sára títí á fi gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, ewé tuntun kò sì ní awọ tó lè gbà á. Bí gbogbo ewé bá rọ láì jó, ọ̀rọ̀ omi nìyẹn. Bí ẹ bá rí àmì funfun tóóró-tóóró lójú ewé, ẹ yí i padà. Bí okùn tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn bá wà lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò pupa kéékèèké tó ń ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ló dé. Ibi gbígbẹ tó gbóná, tí òjò kì í fọ̀, ni ó ń wá, ẹ sì ti bá a kọ́lé síbẹ̀.

Àtíbàbà ni ẹ máa kọ́. Ní Uji ní ilẹ̀ Japan, níbi tí wọ́n ti ń ṣe gyokuro, ìyẹn tíì tí wọ́n ń bò kúrò lójú oòrùn kí wọ́n tó ká a, àtíbàbà náà máa ń ga tó nǹkan bíi mítà méjì, tí èèyàn lè dúró ká ewé lábẹ́ rẹ̀. Esùsú àti koríko ìrẹsì gbígbẹ ni wọ́n fi ń bò ó látijọ́. Igi mélòó kan kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí àwọ̀n fi ó kéré tán 50 sí 60 sẹ̀ǹtímítà ga ju orí igi lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn wálẹ̀ dáadáa nítorí oòrùn ọ̀sán, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àwọn ẹ̀gbẹ́ yòókù sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Àwọ̀n aláwọ̀ fàdákà sàn ju dúdú lọ torí ó ń dá oòrùn padà, àmọ́ bó bá jẹ́ dúdú lẹ ní, ẹ sáà gbé e ga.

Ẹ so tẹmọ́mítà kan rọ̀ sábẹ́ àwọ̀n níbi tí ewé wà, kí òmíràn wà níta lábẹ́ ìbòji igi. Bí ti abẹ́ àwọ̀n bá ga ju ti ìta lọ, atẹ́gùn kò rọ́nà kọjá nìyẹn. Bó bá ti ju 35°C lọ, tíì kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà mọ́, ìbòji yòówù tí ẹ ṣe.

Ní ti iye ọjọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ogún ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún gyokuro, ewé àkọ́ká ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń sọ. Gbòǹgbò ló ń ṣe theanine tó ń fún tíì ní adùn; oòrùn á wá sọ ọ́ di catechin tó korò lára ewé, ìdí nìyẹn tí a fi ń bò ó. Ṣùgbọ́n igi tó wà lábẹ́ òkùnkùn kò rí oúnjẹ ṣe, ohun tó fi pamọ́ sí gbòǹgbò ló ń jẹ. Nígbà ooru, ó ti ná èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sórí ewé àkọ́ká, ewé sì ń yára le. Nítorí náà ọjọ́ 7 sí 10 ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀mùnú bá ti la ewé méjì, tí ìkẹta ń ṣí: àwọ̀n tó ń dí nǹkan bíi 70% oòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, lẹ́yìn náà 85%. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kọjá ìyẹn nínú ooru. Igi tí ẹ sì ti bò nígbà ìrúwé, ẹ má bò ó mọ́ lọ́dún yìí.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ bomi rin, kó wọlẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi igi tín-ín-rín gún ilẹ̀ wò. Ẹ fi koríko gbígbẹ tó nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà bo ilẹ̀, kó má kan ìtí igi. Ẹ má wọ́n omi sójú ewé lọ́sàn-án, ẹ má sì da ajílẹ̀ sí i lásìkò tí ẹ bò ó. Bí ewé tuntun bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí iṣan rẹ̀ sì dúró ní àwọ̀ ewé, ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó bú àwọ̀n: pH (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) 4.5 sí 5.5 ni tíì fẹ́, omi ẹ̀rọ mìíràn sì máa ń gbé e kọjá bẹ́ẹ̀.

Tó bá di ọjọ́ ìká, ẹ ká a láàárọ̀ lábẹ́ àwọ̀n níbẹ̀, inú apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá, torí ewé tí a kó jọ máa ń gbóná fúnra rẹ̀, á sì pọ́n. Ẹ fi ooru tó ń rú sókè látinú omi tó ń hó sè é lọ́jọ́ náà gan-an, 30 sí 45 ìṣẹ́jú àáyá, títí òórùn koríko tútù yẹn yóò fi lọ.

Èyí tó ti jó ní tiyín, ẹ gé ọ̀mùnú tó bàjẹ́ kúrò. Ìrọ̀lẹ́ òní ni kí ẹ ká àwọ̀n, ẹ má ṣe é lọ́sàn-án, torí ewé tó ti mọ́ òkùnkùn lára máa jó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi àwọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bò ó lókè fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó ṣí i pátápátá. Àwọn ewé tó máa yọ tẹ̀ lé e, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sínú oòrùn, ẹ má ká wọn rárá.