Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kóńgò, Fàyàwọ́ àti Àwẹ̀ ní Àgbádárìgì

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí, gbogbo wọn láti Àgbádárìgì àti àyíká rẹ̀. Kò sí èyí tó béèrè ohun tó yẹ kí onígbàgbọ́ gbà gbọ́. Bí wọ́n ṣe máa gbé ìgbàgbọ́ náà dé ọjà, dé ojú títì àti dé ìdí oúnjẹ ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Gàrí ni mò ń tà ní ọjà Agbálátà. Lọ́dún tó kọjá ni mo fi ayé mi fún Jésù, mo sì ṣe ìrìbọmi. Wọ́n ti lu ìdí kóńgò tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi wọnú. Mo mọ̀, mo sì ń lò ó. Pásítọ̀ ní kí n jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, ó ti parí. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ni mo fẹ́ dá gàrí padà fún nínú gbogbo èrò ọjà? (Ìyá oní-gàrí)

Ìyá, ohun tí pásítọ̀ sọ kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ìjẹ́wọ́ kì í dá gàrí oní-gàrí padà. Nínú Léfítíkù orí kẹfà, ẹni tó rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ máa dá ohun náà padà pé pérépéré, á fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e, á sì fà á lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá ń mú ẹbọ ẹ̀bi rẹ̀ wá. Sákéù ní ìlọ́po mẹ́rin lòun máa san, ó tún fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ ta tálákà lọ́rẹ (Lúùkù 19:8). A ò sọ pé dandan ni ìlọ́po mẹ́rin fún yín. Ayọ̀ ló mú Sákéù sọ ọ́, kò sẹ́ni tó fi lélẹ̀ fún un. Ìdámárùn-ún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí kóńgò yín fi dín. Ẹ wá kóńgò tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì lù, ẹ mú ife mílíìkì kan, kí ẹ máa fi bu omi sínú méjèèjì títí tí wọ́n á fi kún dé ètí, kí ẹ sì kà á. Omi ni kí ẹ lò. Gàrí ṣeé gbọ̀n, ó ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ tó bá ń wá àwáwí lè mú kó pọ̀ tàbí kó dín. Ká ní tuntun gba ife 12, tí tiyín gba 11, a jẹ́ pé nínú gbogbo kóńgò 12 tí ẹ tà, odindi kóńgò kan ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ yín. Bí ẹ ti ń wò ó, ẹ rántí pé kì í ṣe lílu ìdí nìkan ni ọgbọ́n ọjà. Àwọn kan ń yọ́ àbẹ́là sí ìdí kóńgò, àwọn kan ń gé etí rẹ̀, àwọn mìíràn ò sì fọwọ́ kan kóńgò rárá, ìka wọn ló ń wọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bu gàrí. Omi ò lè wọn ti ìka yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.

Ó kan àwọn oníbàárà tí ẹ mọ̀: ìyá olóúnjẹ tó ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, aládùúgbò, ẹ̀gbọ́n tó ń rà fún àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Ẹ ṣírò tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ra kóńgò mẹ́fà lọ́sẹ̀, tó ti ń rà á fún ogójì ọ̀sẹ̀, ti ra 240. Ẹ pín in sí ọ̀nà 12, ẹ máa rí 20. Ìdámárùn-ún ogún jẹ́ mẹ́rin. Kóńgò 24 lẹ jẹ ẹ́. Gàrí ni kí ẹ fi san án. Bí ẹ bá ní iye tí gàrí ń jẹ́ nígbà náà lẹ máa san, owó yẹn lè má ra iye gàrí náà mọ́ lónìí, ẹ sì lè tipa bẹ́ẹ̀ tún rẹ́ ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá ṣeé san lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá ọjọ́ fún un, kí ẹ máa gbé méjì-méjì lọ. Ẹ má yáwó nítorí rẹ̀.

Ẹ lọ bá a nílé, kì í ṣe lójú èrò. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn: “Kóńgò mi ò péye láti ìgbà báyìí. Iye báyìí ni mo jẹ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á.” Ẹ má dárúkọ ìyá yín níbẹ̀, torí ọwọ́ yín ló tà á. Ẹ má sì ka ẹsẹ Bíbélì lé e lórí pé dandan ni kó dárí jì yín. Ó lè bínú, ó lè má rajà lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ní ti àwọn tí ẹ ò mọ̀, Númérì 5:8 ti rí i pé ìgbà mìíràn wà tí kò ní sí ẹni tí a lè dá a padà fún. Ti Olúwa ló máa ń dà. Ẹ fojú díwọ̀n ohun tí ẹ tà, ẹ ṣírò rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbé e fún àwọn opó àti àwọn tí ebi ń pa ládùúgbò yín láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn kan máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kúkú máa fi ènì san án. A ò fara mọ́ ọn. Ènì ń fa oníbàárà wá, gbèsè tí ẹ bá sì fi ń wá èrè, ẹ ò tíì san án.

Ọ̀nà méjì ni irú ìdápadà yìí sábà máa ń gbà bàjẹ́. Àwọn kan máa kọ́kọ́ lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àtẹ́wọ́ á sọ, wọn ò sì ní dé ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ mọ́ láé. Àwọn mìíràn á ta kóńgò náà fún ẹlòmíràn, wọ́n á ra tuntun. Ẹ fi òòlù lù ú pa.

Tí ẹ bá wá gbé kóńgò tó péye jáde, wọ́n máa ní ọjà yín wọ́n. Ká ní ₦1,100 ni gbogbo ìlà yín ń ta kóńgò oní-ife 11, tí ẹ̀yin sì ń ta oní-ife 12 ní ₦1,200, ₦100 náà ni ife kọ̀ọ̀kan níbi méjèèjì. Ẹ gbé ife mílíìkì yẹn sórí àtẹ, kí ẹni tó bá ń jiyàn wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Owó ni kí ẹ jẹ́ kó lọ sókè sódò, kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ọ̀kadà ni mò ń gùn. Mò ń bá àwọn ọ̀gá kan gbé àpò ìrẹsì gba inú igbó wọlé láti ìhà Sẹ̀mẹ̀. Ìdámẹ́wàá mi ò yẹ̀ rí. Ìyàwó mi ní owó náà ò mọ́. Ṣé mo jí i ni? (Ọmọ yín)

Ìyàwó rẹ ló jàre. O ò jí ìrẹsì, òfin lò ń rú. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ìrẹsì òkèèrè gba orí ilẹ̀ wọlé. Wọ́n ti ibodè ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àmọ́ òfin ti ìrẹsì ò bá a lọ.

A mọ ohun tí o máa sọ: òfin náà ń ni tálákà lára, àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ọ̀nà sì ń gba owó lọ́wọ́ yín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn agbowó-òde àti àwọn ọmọ ogun lọ bá Jòhánù Onítẹ̀bọmi (Lúùkù 3:12-14), ó ní kí agbowó-òde má gbà ju iye tí wọ́n fi lélẹ̀, kí ọmọ ogun má fipá gba tẹnìkan, kí owó ọ̀yà rẹ̀ sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn nìyẹn, wọ́n máa jíhìn rẹ̀. Tìrẹ wà nínú Róòmù 13:7, pé ká san owó-òde fún ẹni tó tọ́ sí. Ìdámẹ́wàá kì í fọ owó. Diutarónómì 23:18 dárúkọ owó tí kò gbọdọ̀ wọ ilé Olúwa nítorí ibi tó ti wá, a jẹ́ pé Ọlọ́run máa ń béèrè orísun.

Bí o ṣe máa kúrò níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Bí o bá ṣì ń san owó ọ̀kadà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ bá ẹni tó ni ín kí o tó dáwọ́ dúró. Sọ fún un pé iye tó ń wọlé máa dín, kí ẹ dín owó ọ̀sẹ̀ kù, kí ẹ fi oṣù kún un. Tí o bá dákẹ́, tí o sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀sẹ̀ méjì, inú igbó yẹn ló máa lé ọ padà sí. Lẹ́yìn náà, wá ẹrù tí kò ní ìbẹ̀rù nínú: àgbọn, ẹja, sìmẹ́ǹtì, èrò ọjà. Sọ fún ọ̀gá rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Má gbà fún un nígbà tó bá ní kí o ṣe ti ìkẹyìn, torí ìkẹyìn kì í tán. Má sì fi àbúrò rẹ rọ́pò ara rẹ. Owó tó o ti jẹ kọjá ò ṣeé dá padà fún ẹnì kan ní pàtó, nítorí náà ka Éfésù 4:28. Ó ní kí ẹni tó ń jalè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó lè ní ohun tó máa fún aláìní. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ọkọ mi wà nínú àwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21, aago mẹ́fà sí aago mẹ́fà, kò sì ń mu omi. Ó ní àtọ̀gbẹ, ó ń lo oògùn. Ó ní ìgbàgbọ́ lòun fi ń ṣe é. Látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, a ò lè bá a sọ̀rọ̀ nílé. (Ìyá àwọn ọmọ)

Ìyá, ẹ jẹ́ kó lọ rí dókítà lọ́la, kó má dúró dìgbà tí àwẹ̀ bá parí. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan wà tó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ì báà jẹun, ì báà má jẹun. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí, àwẹ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin sómi fún un, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún fún un bí kò bá tíì yàtọ̀, lẹ́yìn náà kó jẹun. Tó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Kó má fúnra rẹ̀ dá oògùn dúró nítorí àwẹ̀ o. Ewu mìíràn nìyẹn.

Ẹ ka Dáníẹ́lì 10:2-3 fún un. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti mú ọjọ́ 21. Ohun tí Dáníẹ́lì sọ ni pé òun ò jẹ oúnjẹ aládùn, ẹran àti wáìnì ò sì kàn án lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sọ pé òun ò mu omi. Ọkọ yín lè fi ẹran àti mínírà sílẹ̀, kó jẹ oúnjẹ tí dókítà bá fọwọ́ sí lásìkò oògùn rẹ̀, kó sì fún àdúrà ní wákàtí tó ń lò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Aboyún, abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ẹni tó ní ọgbẹ́ inú náà lè ṣe irú èyí. Ẹni tára rẹ̀ le tó ń gba àwẹ̀ kó má fi ẹ̀bà ńlá àti ata rodo ṣínu. Omi ni kó kọ́kọ́ mu, kó jẹ ẹ̀kọ tàbí ògì, kó sinmi díẹ̀.

Ní ti ìbínú, Aísáyà 58:3-4 ti dá a lóhùn kí ẹ tó kọ̀wé sí wa: àwọn kan ń gba àwẹ̀, wọ́n ń jà, wọ́n sì ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Ẹsẹ keje ní kí wọ́n pín oúnjẹ wọn fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹ bi í léèrè pé ta ló ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán tí òun kò jẹ.

Mẹ́tọ́díìsì ni ilé wa, Ṣẹ́lẹ́ ni àfẹ́sọ́nà mi. Bàbá mi ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí kì í wọ bàtà. Ìyá tiẹ̀ ní Mẹ́tọ́díìsì ò ní Ẹ̀mí. Ẹ bá wa dá sí i. (Ìyàwó ọ̀nà)

Bàbá yín lè ti gbàgbé ìtàn ìlú ara wọn. Thomas Birch Freeman, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Kí ọdún náà tó parí, Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà ti dé bá a, ìlú yìí ni wọ́n sì ti jọ ṣe Kérésìmesì. Igi Agia tí wọ́n wàásù lábẹ́ rẹ̀, tó wó ní 1959, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bàtà. Pọ́tónófò tó múlé tì wá níbí ni Samuel Oshoffa ti dá Ṣẹ́lẹ́ sílẹ̀ ní 1947. Ìdí tí wọ́n fi ń bọ́ bàtà ni ohun tí Ọlọ́run sọ fún Mósè nínú Ẹ́kísódù 3:5. Kì í ṣe àìníláárí.

Bàtà ò ní tú ilé yín ká. Ohun tí ẹ kò bá jọ sọ tẹ́lẹ̀ ló lè tú u ká: ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa ti ṣègbéyàwó, ibi tí àwọn ọmọ ti máa ṣe ìrìbọmi, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí tí Ṣẹ́lẹ́ kì í fọwọ́ kàn, ibi tí owó ìdámẹ́wàá ń lọ, àti bóyá ìwọ náà máa wọ sùtánà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó wáyé. Kí Bàbá yín wá wo ọmọkùnrin náà bó ṣe ń bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti bó ṣe ń san gbèsè. Gálátíà 5:22-23 ò dárúkọ aṣọ.

Mo ti kó àjọ, ó ku oṣù mẹ́ta kí n dá a tán. Wọ́n ní kí n fi ₦50,000 gbin irúgbìn ní ìsọjí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? (Òǹkàwé, Àjárá)

Àjọ. Owó tí ẹ ti kó ti kúrò ní tiyín, ti àwọn tí kò tíì kó ni. Jésù bá àwọn tó ń pe owó ìtọ́jú òbí ní ọrẹ Ọlọ́run wí (Máàkù 7:9-13), kò sì sí ìyàtọ̀ níbi tí owó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ dá ti oṣù yìí pé, kí ẹ mú nínú ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ sí ìsọjí, ì báà jẹ́ ₦200.