Màmá ló ń san owó orí ilé, ṣé wọ́n lè dìbò bọ́ǹdì láti ilé?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀gbẹ́ Fort Worth ní Texas la wà. Màámi ti pé ọmọ ọdún 68, green card ni wọ́n ní, orúkọ wọn ló wà lórí ilé tí a ń gbé, àwọn ló sì ń san owó orí ilé náà lọ́dọọdún. Ìlú wa fẹ́ ṣe ìbò bọ́ǹdì, ìyẹn ìbò lórí bóyá kí ìlú yá owó, fún títì àti gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti bá wa tẹ fọ́ọ̀mù jáde, ti ìforúkọsílẹ̀ àti ti ìdìbò láti ilé, wọ́n ní ìbò ààrẹ nìkan ni wọ́n ń béèrè sítísẹ̀nì, pé ìbò bọ́ǹdì ti ẹni tó ń san owó orí ni. Sítísẹ̀nì lèmi, ṣùgbọ́n mi ò nílé lórúkọ ara mi, mo rò pé kò kàn mí. Báwo la ṣe máa kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ sínú fọ́ọ̀mù màámi tí wọn ò fi ní dá a padà?

Ìdáhùn:

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó le jù, ká tó wá máa kíra dáadáa: ẹ má fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́, èkínní àti èkejì. Bí màmá bá tiẹ̀ ti fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó wà nílé, kó má dé àpótí lẹ́tà rárá. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kọ́ ló wà níbí.

Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, bí ìbò ìlú bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń dé, inú sì ń bí mi, kì í ṣe sí yín o, àwọn tó ń pín ìmọ̀ràn káàkiri tí wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni dé kóòtù ni. Lọ́yà ìmígíréṣọ̀n ni mí, mo ti jókòó nídìí tábìlì ìdìbò náà ní Texas níbí, mo mọ bí orúkọ ṣe ń dé inú ìwé wọn. Ìwé kan ṣoṣo ni. Kò sí ìwé olùdìbò tó jẹ́ ti ààrẹ, kí òmíràn wá jẹ́ ti bọ́ǹdì. Tó bá jẹ́ méyọ̀, tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù ilé ìwé, tó bá jẹ́ owó gọ́tà, orúkọ tó wà nínú ìwé yẹn ni wọ́n ń wò, kí orúkọ sì tó débẹ̀, sítísẹ̀nì Amẹ́ríkà ni èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́, kó pé 18, kó máa gbé ibẹ̀. Owó orí ò sí nínú ohun tí wọ́n ń béèrè.

Mo mọ̀ pé ó dun èèyàn. Ẹni tó ń sanwó, kó má lè sọ̀rọ̀ lórí owó. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò nílé wa lọ́hùn-ún: àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń ṣòwò n'Íbàdàn tí wọn ò tíì di ọmọ Nàìjíríà, ṣebí wọ́n ń san owó orí, ṣé INEC ń fún wọn ní káàdì ìdìbò torí ẹ̀? Owó orí lọ́tọ̀, ìbò lọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì yín ò sì kàn dédé lá àlá ọ̀rọ̀ yẹn o, ibì kan ló ti wá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ torí mo fẹ́ kí ẹ lè bá wọn sọ ọ́ padà. Láyé ọjọ́un, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, bọ́ǹdì jẹ́ ìbò onílé lóòótọ́. Owó tí ìlú ń yá lọ́wọ́ àwọn olówó ni bọ́ǹdì, wọ́n á fi ṣe títì, láìbírì, páàkì, ilé panápaná, wọ́n á wá máa fi owó orí ilé san án padà pẹ̀lú èlé fún bí ogún ọdún. Àwọn onílé wá ní, àwa la máa san án, àwa nìkan ni ká dìbò. Ní Fort Worth gan-an, ìlú yín yẹn, ní oṣù kẹrin 1972, wọ́n ṣe ìbò bọ́ǹdì, àpótí méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀. Àwọn tó ti kọ dúkìá wọn sílẹ̀ fún owó orí ń ju ìbò tiwọn sí ọ̀kan, àwọn tó kù ń ju tiwọn sí èkejì. Bọ́ǹdì ò ní wọlé àfi tí àpapọ̀ ìbò bá gbà á, tí àpótí àwọn oníwèé owó orí náà sì tún gbà á. Bọ́ǹdì láìbírì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo ìbò pọ̀, àwọn tó fẹ́ láìbírì ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àpótí oníwèé owó orí kọ̀ ọ́, ó sì ṣubú. Àwọn èèyàn gbé e lọ sí kóòtù, ó dé Supreme Court, ní 1975 wọ́n ní rárá, òfin yẹn ò tọ́, ẹ dẹ́kun ẹ̀. Hill v. Stone lorúkọ ẹjọ́ náà.

Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Ní 1969 wọ́n ti dá irú ẹ̀ ní ti ìlú Houma ní Louisiana, ní 1970 wọ́n tún dá ti Phoenix ní Arizona, níbi tí wọ́n ti ní onílé nìkan ló lè dìbò bọ́ǹdì ìlú. Nínú ti Phoenix yẹn, kóòtù sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin gan-an gbọ́: wọ́n ní ayálégbé náà ń san owó orí ilé, torí lánlọ́ọ̀dù á rọra fi í kún owó ilé ni.

Nítorí náà, òfin tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ ti kú láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti sin ín. Kódà nígbà tó wà láàyè, kò sọ pé ẹni tí kì í ṣe sítísẹ̀nì lè dìbò ní Texas torí pé ó nílé. Ohun tó ṣe ni pé ó tún fi ilé níní lé sítísẹ̀nì jíjẹ́. Àwọn èèyàn gbọ́ ìdajì ìtàn, wọ́n wá dorí ẹ̀ kodò.

Ibòmíràn tí irọ́ yìí ń gbà wọlé ni Maryland. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló wà lọ́hùn-ún, ìlú kékeré kan sì wà níbẹ̀, Takoma Park, tó ti ń jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe sítísẹ̀nì dìbò ìlú láti àwọn ọdún 1990. Òótọ́ ni. Ìlú bíi mélòó kan ní Maryland ń ṣe é. Ẹnì kan ní Maryland á wá fi fóònù sọ ọ́ fún ará ẹ̀ ní Texas pé "àwa ń dìbò níbí, green card ò dí wa lọ́wọ́," ìyẹn á gbà á gbọ́ nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ ò purọ́. Òfin Takoma Park ò dé Texas.

Mo mọ̀ pé ẹ ń rò ó pé ìpósítì ni, kò sẹ́ni tó máa rí màmá lójú. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbi ìdìbò, akọ̀wé lè wo ìwé kó ní "màmá, orúkọ yín ò sí níbí, ẹ máa lọ ilé." Ìwé tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ nípósítì, á wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìbọwọ́lùwé. Lórí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ Texas, ìbéèrè bóyá èèyàn jẹ́ sítísẹ̀nì wà lókè pátápátá, nísàlẹ̀ sì ni ibi tí wọ́n ti ń búra pé òótọ́ lohun tí àwọn kọ. Màmá tí ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ òyìnbó á ní kí wọ́n bá òun máàkì í, ẹni tó ń bá a kọ ọ́ á máàkì "yes" torí àìfarabalẹ̀, màmá á fọwọ́ sí i. Ó ti wà lọ́wọ́ ìjọba nìyẹn.

Kí ló lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Ní ti ìpínlẹ̀ Texas, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 20 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá dìbò tó mọ̀ pé òun ò lẹ́tọ̀ọ́. Mi ò sọ pé wọ́n á tì wọ́n mọ́lé lọ́la o, ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ní Tarrant County, kọ́ńtì yín yẹn náà, obìnrin kan tó ní green card, tí wọ́n ti gbé wá sí Amẹ́ríkà láti kékeré, dìbò ní 2012 àti 2014, ó lóun rò pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n ọdún 8 ni wọ́n dá fún un ní 2017. Ọdún mẹ́jọ! Ní ti ìmígíréṣọ̀n, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tó bá dìbò lòdì sí òfin, ìbáà jẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dá a padà sílé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ "ìbílẹ̀" yẹn dáadáa. Ìbò gọ́tà wà nínú ẹ̀. Àti pé nígbà tí màmá bá fẹ́ di sítísẹ̀nì, fọ́ọ̀mù N-400 á bi wọ́n bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò rí, ìforúkọsílẹ̀ lásán o, kì í ṣe ìdìbò nìkan.

Bó bá jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ti lọ kí ẹ tó ka èyí, tàbí wọ́n ti dìbò rí láìmọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, ẹ má fi N-400 ránṣẹ́, ẹ má sì fara pa mọ́. Ẹ wá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n tó ní láísẹ́ǹsì, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe ìwé fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mò ń sọ níbí gbogbogbò ni, kò lè rọ́pò ẹni tó máa wo ìwé yín lójúkojú.

Ọ̀nà tó dáa wà fún màmá. Tí wọ́n bá ti lo ọdún 5 pẹ̀lú green card, wọ́n lè béèrè láti di sítísẹ̀nì. Níwọ̀n bí wọ́n sì ti lé ní 55, tí green card wọn bá ti tó ọdún 15, wọn ò ní ṣe ìdánwò òyìnbó, wọ́n lè fi Yorùbá dáhùn ìbéèrè ìtàn àti ìjọba, pẹ̀lú ògbufọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi àkókò yín ṣe.

Ó kù yín. "Mi ò nílé, kò kàn mí" tí ẹ sọ yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì, ẹjọ́ Phoenix àti Fort Worth ló pa á. Ó kàn yín! Ọ̀nà yẹn lẹ̀ ń gbà lọ síbi iṣẹ́, gọ́tà yẹn ló ń kún wọ iwájú ilé yín. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kó tó ku ọgbọ̀n ọjọ́ sí ìbò. Ẹ̀yin ò lè fi pósítì dìbò torí pé ó wù yín o, Texas kì í ṣe California tí wọ́n ń fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí gbogbo olùdìbò. Níbí, ẹni tó ti pé 65, aláìsàn tàbí aláàbọ̀ ara, ẹni tó máa bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìbò, ẹni tí kò ní sí ní kọ́ńtì náà ní gbogbo àsìkò ìdìbò, àti àwọn kan tó wà ní àtìmọ́lé, àwọn ló wà fún. Ẹ gbé láísẹ́ǹsì ọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ lọ lásìkò early voting, ìyẹn àwọn ọjọ́ tí wọ́n ń dìbò ṣáájú ọjọ́ ìbò gan-an.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wá ìwé àlàyé bọ́ǹdì náà, òfin ní kí ìlú kọ ọ́ síta: iye tí wọ́n fẹ́ yá, èlé rẹ̀, àti iye tó máa fi kún owó orí lọ́dún fún ilé tí iye rẹ̀ jẹ́ 100,000 dọ́là. Ìbéèrè ò ní jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lọ́pọ̀ ìgbà. Dallas ní oṣù karùn-ún 2024 pín bílíọ̀nù 1.25 dọ́là sí ìbéèrè mẹ́wàá, títì lọ́tọ̀, páàkì lọ́tọ̀, láìbírì lọ́tọ̀, èèyàn lè gba ọ̀kan kó kọ ìkejì. Tó bá jẹ́ bọ́ǹdì ilé ìwé, ẹ máa rí gbólóhùn kan ní lẹ́tà gàdàgbà pé àfikún owó orí ilé lèyí, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, òfin 2019 ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò tiyín.

Fún àwọn tó bèèrè nọ́ńbà tí màmá tàbí bàbá wọn jẹ́ sítísẹ̀nì, tó sì ti pé 65, ní kúkúrú: fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìwé ìdìbò láti ilé gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ ọ́fíìsì ìdìbò ní ọjọ́ kọkànlá ṣáájú ìbò, kí ó DÉ o, kì í ṣe kí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá kan gbé ẹnfílọ́ọ̀pù ìwé ìdìbò tiwọn wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n dá a padà fún wọn. Gbogbo ẹ̀ ló mọ́ tónítóní, ìbọwọ́lùwé wà, àdírẹ́sì wà. Mo ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń lẹ̀ yẹn, abẹ́ ẹ̀ gan-an ni àyè nọ́ńbà wà, ó ṣófo gbáláú, ẹni tó bá ti lẹ̀ ẹ́ pa ò ní rí i mọ́. Ní ìbò abẹ́lé oṣù kẹta 2022, lẹ́yìn tí òfin tuntun tó ní kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà dé, ìwé ìdìbò tó lé ní 20,000 ni wọ́n kọ̀ ní Texas, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ló fa púpọ̀ nínú wọn. Nọ́ńbà láísẹ́ǹsì tàbí mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú Social Security, èyí tó bá ti wà lórí ìforúkọsílẹ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ bá a mu, torí náà ẹ kọ méjèèjì. Ẹni tó bá bá wọn kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ tiẹ̀ síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Kí ìwé ìdìbò náà padà dé kí aago méje alẹ́ ọjọ́ ìbò tó lù, tàbí kí pósíọ́fíìsì ti tẹ òǹtẹ̀ lé e kí aago méje yẹn tó lù, kó sì dé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ má dúró de òǹtẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Òfin lè yí, ẹ pe ọ́fíìsì ìdìbò kọ́ńtì yín kí ẹ tó ṣe é.

Ẹ bá mi kí màmá. Àwọn fọ́ọ̀mù méjèèjì tó wà lórí tábìlì yẹn, ẹ fà wọ́n ya lónìí, kí ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ fún ẹlòmíràn mọ́.