Ẹ Bi Ìyá Ìtàgé: Ṣé kí n máa yí ojú ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹgbẹ́ òṣèré wa ní Peckham fẹ́ ṣe Lend Me a Tenor, eré Ken Ludwig. Èmi ni Max. Olùdarí wa ní kí n máa yí ojú, kí n máa ṣubú kiri, pé eré ẹ̀rín ni. Ara mi ò gbà á. Ojú kíkùn dúdú inú eré náà tún ń kọ mí lóminú. — Ọmọ yín, Peckham

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ara rẹ ò parọ́ fún ọ.

Cleveland ní Amẹ́ríkà ni, lọ́dún 1934. Tito Merelli, gbajúmọ̀ akọrin ará Ítálì, fẹ́ wá kọrin Otello, opera (eré olórin) Verdi nípa ọ̀gágun dúdú kan. Ìyàwó rẹ̀ bínú lọ, ó fi létà sílẹ̀. Oògùn ìtura tó di ìlọ́po méjì, pẹ̀lú ọtí, gbé Merelli sùn fọnfọn. Max ka létà, ó rò pé ọkùnrin náà ló kọ ọ́ kó tó para rẹ̀. Lójú Max, òkú ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ta ní ń yí ojú níwájú òkú? Kẹ́dùn tọkàntọkàn. Àwa tí a ti rí bí oògùn ṣe wọlé ni ẹ̀rín yóò pa.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù wà ṣáájú èyí. Merelli kọ́ Max bí wọ́n ṣe ń dẹ ara sílẹ̀ kọrin, àwọn méjèèjì sì jọ kọ orin kan láti inú Don Carlo ti Verdi. Ẹni tí Saunders, ọ̀gá ilé opera, kàn ń rán kiri ni Max. Maggie ọmọ ọ̀gá ló ń fẹ́. Nínú orin yẹn ni akọrin ńlá ti ka ohùn rẹ̀ sí ohùn. Bí ẹ bá fi orin náà ṣeré, nígbà tí Max bá gbé aṣọ Merelli wọ̀ láti kọrin dípò rẹ̀, àyà ẹnikẹ́ni ò ní já fún un. Ariwo ilẹ̀kùn tí ẹ ń gbà sá wọlé sá jáde nìkan ló máa kù.

Ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Nínú ẹgbẹ́ alárìnjó tí mo ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ tí a kùn lọ́dà la fi ń ṣe ìran. Aṣọ kì í ró gbà! Nígbà tí mo kọ́kọ́ bójú tó ẹ̀yìn ìtàgé fún eré onílẹ̀kùn, ó ku ọ̀la ni káfíńtà gbé ilẹ̀kùn dé. Ọ̀kan há. Òṣèré tó yẹ kó sá wọlé ń fà á lẹ́yìn, ẹnìkejì rẹ̀ dá dúró síwájú èrò, kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Mo sunkún lóru ọjọ́ náà. Ẹ gba ilẹ̀kùn gidi láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ìparí, ẹ ó tún fi eré sísá ṣe gbogbo ìtàn náà láìsọ̀rọ̀, ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín ò bá mọ ilẹ̀kùn, ẹ ó kọlu ara yín.

Má kun ojú dúdú o, bí Max ṣe ń kùn ún kí wọ́n lè rò pé Merelli ni. Kíkùn ni wọ́n kùn ún ní London lọ́dún 1986 àti ní Broadway lọ́dún 1989, kò sì dùn mọ́ mi nínú rí. Ludwig fúnra rẹ̀ ti tún un kọ: Pagliacci, opera nípa aláwàdà, rọ́pò Otello, àtíkè aláwàdà ló ń bo ojú. Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ gbàṣẹ fún. Láàárín òṣèré dúdú, ọ̀dà dúdú wo ló fẹ́ fi ẹnìkan pamọ́?

Bẹ olùdarí yín kó gbọ́ orin Don Carlo yẹn lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì tán, láìdá yín dúró, kí ẹ tó tún jọ sọ̀rọ̀ ojú yíyí.