Ẹ Má Gun Bàbá Onílé Lórí

Gbólóhùn kan péré ni mo fi sọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé mo dé ibi tí wọ́n ń sin àwọn ọba Ahom sí ní Assam, lápá àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà. N ò mọ̀ pé ilé agbọ́n ni mo fọwọ́ kàn. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé. Mo ṣa márùn-ún nínú wọn. Ẹni tí n kò bá dá lóhùn kó má bínú: èmi nìkan ni mo ń tẹ gbogbo rẹ̀, ìka méjì ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló ń jẹ́ Ahom? Mo wá wọn lórí fóònù, ohun tí mo rí ni “píràmíìdì Assam.” Ṣé bíi ti Íjíbítì ni? (Ọmọ yín, Ìbàdàn)

Ọmọ mi, gbàgbé píràmíìdì. Òkúta ni ti Íjíbítì, ó sì ní igun. Bí o bá ti bá bàbá rẹ dé oko iṣu rí, o ti mọ bí moidam, ibojì àwọn ọba wọn, ṣe rí. Ebè ni. Ebè tí koríko hù bò, tó wá tóbi débi pé o máa gbójú sókè kí o tó rí ṣóńṣó rẹ̀. Àwọn kan kéré, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ògán etí ọ̀nà lọ. Àwọn mìíràn, òkè ni o máa pè wọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún ọ.

Inú ikùn ebè yẹn ni yàrá òkú wà. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1700 sókè ni bíríkì àti òkúta gbapò rẹ̀. Wọ́n á wa erùpẹ̀ bò ó títí yóò fi yọ ikùn róbótó. Wọ́n á kọ́ ilé kékeré kan sórí téńté rẹ̀, chow-chali lorúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ òkú lọ́dọọdún. Wọ́n á wá fi ògiri kúkúrú onígun mẹ́jọ yí ìdí rẹ̀ ká, ẹnu ọ̀nà á sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

Ní ti àwọn tó ni ín, ẹ̀yà Tai ni wọ́n, ìbátan àwọn ará Thailand àti Laos. Ọba wọn àkọ́kọ́, Sukaphaa, kó èèyàn rẹ̀ jáde láti Mong Mao, ní ibi tí Ṣáínà àti Burma ti pààlà lónìí. Wọ́n gba orí òkè Patkai wọ Assam ní 1228. Wọ́n rìn síwá rìn sẹ́yìn, kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Charaideo ní 1253. Ìlú tó ń tàn lórí òkè ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn lédè wọn. Wọ́n jọba fún nǹkan bí 600 ọdún, títí ìwé àdéhùn Yandabo fi gbé ilẹ̀ náà lé òyìnbó lọ́wọ́ ní 1826. Chao-Pha ni wọ́n ń pe ọba wọn, ìyẹn olúwa ọ̀run. Àwa tí à ń kí ọba ní aláṣẹ èkejì òrìṣà kò ní í béèrè àlàyé.

Wọ́n ṣí olú-ìlú wọn kúrò ní Charaideo níkẹyìn, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ọba bá ti wàjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé e padà sí. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Moidam tí wọ́n ti ṣàwárí ní gbogbo agbègbè yẹn tó 386, àwọn 90 tó wà ní Charaideo ló sì ṣì dúró dáadáa jù. UNESCO, àjọ kan náà tó kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sílẹ̀ ní 2005, kọ tiwọn náà sílẹ̀ lọ́jọ́ 26, oṣù Keje, 2024.

Màmá, ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé wọ́n ń sin èèyàn mọ́ ọba níbẹ̀, bíi ti abọ́bakú tiwa? (Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́)

Òótọ́ ni, Ìyá Ìbejì. Wọ́n ní ìwé ìtàn tí wọ́n ń pè ní buranji, àwọn ló kọ ọ́ fúnra wọn, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí bò. Aṣọ, oúnjẹ, ohun ìjà, ohun ọ̀ṣọ́, ẹṣin, erin, ìránṣẹ́. Ibi tí ọba ń lọ, ọba náà ni yóò jẹ́ níbẹ̀, ọba kì í sì í dá rìn.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Ní ilé yín, òyìnbó ló di Olókùn-ẹṣin, abọ́bakú ọba, lọ́wọ́, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára àwọn àgbà títí dòní. Ní tiwọn, kò sí àlejò kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọba wọn kan, Rudra Singha, tó wà lórí oyè láti 1696 sí 1714, ló ní kí wọ́n má fi alààyè sin òkú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ọba yìí díẹ̀. Joymoti lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọba kan tí wọ́n ń pè ní Lora Roja ń dọdẹ àwọn ọmọ ọba kí wọ́n má baà gba oyè mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ Joymoti sá wọ orí òkè àwọn Naga. Wọ́n mú ìyàwó. Wọ́n ní kó sọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Kò sọ. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́ títí ó fi kú, kò sọ. Ọkọ padà wá jọba, ọmọ jẹ tẹ̀lé e, ọmọ yẹn ló gbẹ́ adágún omi ńlá kan ní orúkọ ìyá rẹ̀. Joysagar ni wọ́n ń pè é, mo dúró létí rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, àwọn ẹyẹ omi ń wẹ̀. Èrò tèmi ni o: ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ oyè pa ìyá rẹ̀ nífọ̀nná-fọnṣu, kò ní í ṣòro fún un láti rí i pé ìránṣẹ́ tí wọ́n ń tì wọ yàrá òkú náà ní ọmọ nílé.

Nígbà tí ẹ̀sìn Híńdù wá ráyè wọ ààfin tán, sísun ni wọ́n ń sun òkú ọba, eérú ni wọ́n sì ń sin sábẹ́ ebè.

Màmá Alájò, ṣé wúrà ṣì wà nínú àwọn òkìtì yẹn? (Músíliù, Mushin)

Ìwọ Músíliù yìí! Màmá Alájò tí o tilẹ̀ pè mí yìí, n kò gba owó àjọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o.

Àwọn tó béèrè ìbéèrè rẹ ṣáájú rẹ ti débẹ̀. Mir Jumla, ọ̀gágun àwọn Mughal tó ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Íńdíà nígbà náà, gba olú-ìlú wọn ní 1662, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì hú ibojì, wọ́n kó ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Òyìnbó náà tú nínú rẹ̀ ní nǹkan bí 1840. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn olè abẹ́lé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ìjọba Íńdíà wá tú ọ̀kan láàárín 2000 sí 2002, eegun èèyàn àti eyín erin tí wọ́n fín ọnà sí wà lára ohun tí wọ́n bá. Lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Ìyá wa, ìyàwó mi ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ ká fi ṣe ogójì ọdún ìgbéyàwó wa. Báwo la ṣe máa débẹ̀, ìgbà wo ló sì dáa? Ẹsẹ̀ kan ń dùn mí. (Bàbá kan, Abẹ́òkúta)

Bàbá, ẹ kú oríire. Ìyàwó yín mọ nǹkan.

Láti Èkó, ẹ lè gba Addis Ababa tàbí Doha dé Delhi. Ẹ wọ bàálù abẹ́lé láti ibẹ̀ lọ sí Dibrugarh tàbí Jorhat. Sivasagar ni kí ẹ sùn. Láti Dibrugarh dé ibẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 80, láti Jorhat kò tó 60. Charaideo wá wà níwájú, nǹkan bí 30 kìlómítà sí Sivasagar, oko tíì ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì, wọ́n gẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ bí irun orí sójà. Bí ẹ bá fẹ́ràn rélùwéè, Simaluguri ni kí ẹ ti sọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín wọ bọ́ọ̀sì òru láti Guwahati, ìlú tó tóbi jù ní Assam. Èmi wọ̀ ọ́ nítorí pé ó pọ́ọ́kú, ìbàdí mi ò tíì dárí jì mí.

Oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta ló dáa. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, òjò ibẹ̀ kì í ṣeré, ẹrẹ̀ á máa yọ̀, eṣúṣú inú koríko á sì bá yín wọ ṣòkòtò. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá tí kò ní in, wọ́n lè sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń gbà ṣe ayẹyẹ ìgbéyàwó.

Ní ti ẹsẹ̀ yín: ọgbà ibojì náà gbòòrò, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ yí gbogbo rẹ̀ ká. Ẹ jókòó sábẹ́ igi, kí ìyàwó yín máa lọ. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti tú, tí èèyàn lè yọjú wo inú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ibẹ̀, òtútù inú rẹ̀ fọwọ́ bà mí lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò àmù.

Ní Sivasagar fúnra rẹ̀, ẹ yà ní Rang Ghar, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọba ti ń wo ìjà ẹfọ̀n. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n pò mọ́ ohun tí wọ́n fi mọ bíríkì rẹ̀. Mo rò ó pé ẹyin mélòó ni wọ́n fọ́ sí i, ìyá mi tó ń ka ẹyin nílé yóò ti dákú.

Bí ẹ bá gba Jorhat padà, ibojì Lachit Borphukan wà nítòsí ibẹ̀, òun ni ọ̀gágun tó na àwọn Mughal lórí omi Brahmaputra, ní Saraighat, ní 1671. Wọ́n ti gbé ère kan dúró síbẹ̀ ní 2024, gíga rẹ̀ pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tó dúró lé tó 125 ẹsẹ̀ bàtà. Gbogbo èèyàn ló ń ya ère ní fọ́tò. Ebè ni kí ẹ wò.

Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ẹni tó débẹ̀ ló ń ya fọ́tò lórí òkìtì. Tiyín dà? (Àbúrò yín, Ìjẹ̀bú-Òde)

Àbúrò mi ò, o mọ ibi tí wọ́n ti ń gún èèyàn.

Mo fẹ́ yà á. Awakọ̀ mi ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, mo ti bọ́ bàtà sílẹ̀ kí n má baà yọ̀, mo ti ká aṣọ mi sókè, mo ti gun tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá nígbà tí mo gbọ́ súfèé. Bàbá arúgbó kan dúró nísàlẹ̀, ó fi gamosa kọ́rùn, aṣọ funfun wọn yẹn tó ní iṣẹ́ pupa létí. Kò pariwo. Ó kàn ń fọwọ́ pè mí bí ẹni ń pe ọmọdé tó gun tábìlì.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ ní bàbá ń béèrè bóyá mo mọ ẹni tí mo gùn lórí.

Eékún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ wo èmi àti ọjọ́ orí mi! Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó jọ pé kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ kí i ní ọ̀nà yẹn rí. Ó ní kí n jókòó tì í lẹ́bàá ògiri. Ó yọ tamul, èso kan tí wọ́n ń gé sínú ewé, tí wọ́n fi ń gbàlejò bí àwa ṣe ń fi obì gbàlejò. Mo jẹ ẹ́. Etí mi gbóná, àyà mi ń lù kìkì, òógùn bò mí. Ó tún rẹ́rìn-ín.

Ahom ni òun náà. Ó ní lọ́jọ́ 31, oṣù Kìíní, lọ́dọọdún, àwọn máa ń ṣe Me-Dam-Me-Phi, ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni ní gbogbo Assam. “Me” ni ẹbọ, “dam” ni àwọn òkú ìdílé, “phi” ni òrìṣà. Nílé tirẹ̀, ìdí òpó kan nínú ilé ìdáná ni wọ́n ti ń bọ dam, kò sí ọmọ tó jẹ́ fara ti òpó yẹn.

Ó wá bi mí: bàbá tèmi ńkọ́, níbo la sin ín sí?

Mo ní inú ilé ni. Awakọ̀ ní kí n tún un sọ. Mo ní inú ilé, ní pálọ̀, a ti tẹ́ táìsì lé e.

“Ẹ ń rìn lórí rẹ̀?”

Mo ní lójoojúmọ́. Mo tilẹ̀ fi kún un, ẹnu mi ò ní í pa mí, pé àga ìjókòó kan wà lórí ibẹ̀ gan-an.

Bàbá dákẹ́. Ó wo ebè, ó wò mí, ó tu itọ́ tamul pupa sínú koríko. Ó wá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, èyí tí awakọ̀ rí túmọ̀ nínú rẹ̀ kò gùn: bàbá ní kí n padà máa gùn ún bí mo bá fẹ́, òun ò mọ̀ pé bí a ti ń ṣe nílé wa nìyẹn.

N ò gùn ún mọ́. Fọ́tò bàtà mi nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri onígun mẹ́jọ, awakọ̀ ló ṣèèṣì yà á. Nígbà tí mo sì délé ní Ìjẹ̀bú, mo pe àwọn ọmọ, a sún àga yẹn kúrò.